Èdè Ìsúfèé La Gomera

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ nípa Silbo Gomero, èdè ìsúfèé àwọn ará La Gomera, erékùṣù kan lábẹ́ ìjọba Sípéènì. Òkè àti àfonífojì ló kún ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn yóò pẹ́ kó tó dé òdìkejì, ṣùgbọ́n bí darandaran bá ki ìka bọ ẹnu tó súfèé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ti débẹ̀. Kì í ṣe àmì lásán o: èdè Sípéènì gan-an ni wọ́n ń fi súfèé. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohun tí dùndún ń wí yóò tètè lóye èyí.

Nígbà tí títì àti tẹlifóònù dé, ó kù díẹ̀ kí èdè ìsúfèé yìí parun. Láti 1999 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan níléèwé wọn. Ní 2009, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kà á mọ́ àjogúnbá aráyé.

Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa tó ń gbọ́ èdè dùndún kò pọ̀ mọ́. Mo bẹ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ wa: ẹ mú àwọn àgbà onílù wọ kíláàsì, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.