Láti òru bọ́ sí òwúrọ̀: ẹ ro ti ẹ̀dọ̀ wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo dé ẹnu iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, mo bá ìwé tuntun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Èmi tí mo ti ń ṣe náìtì láti ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí n bọ́ sí iṣẹ́ òwúrọ̀ ní Sátidé, kí n tún padà sí náìtì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìgbà kẹta rèé láàárín oṣù méjì. Nígbà tí mo figbe ta, ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ ní kí n fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń ṣe ike ní Ọ̀tà níbí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n mú nọ́ọ̀sì kan wá bá wa sọ̀rọ̀ ìlera. Ó ní ká yéé mu ọtí, ká má jẹ ẹ̀pà tó ti bu, torí oró inú rẹ̀ máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò mẹ́nu ba oorun rárá, bẹ́ẹ̀ ìdajì àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ ló ń tòògbé.

Láti 2007 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ òru tó ń da aago inú ara rú, ìyẹn ohun tó ń sọ fún ara ìgbà tó yẹ kó sùn àti ìgbà tó yẹ kó jí, máa fa jẹjẹrẹ. Wọ́n tún un sọ ní 2019. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Baylor College of Medicine, ní Houston, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yí àkókò ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn padà fún eku lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ó jọ bí wọ́n ṣe ń yí tiwa. Oúnjẹ wọn kò lọ́ràá jù, síbẹ̀ ọ̀rá kó sí wọn lẹ́dọ̀ọ́, jẹjẹrẹ sì yọ lára àwọn kan. Eku kì í ṣe èèyàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ èèyàn náà ní aago tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni aago inú ọpọlọ ń tẹ̀ lé, ìgbà tí a bá jẹun ni ti ẹ̀dọ̀. Tí mo bá jẹ ẹ̀bà ní aago méjì òru, tí mo wá sùn láàárọ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, èwo ni kí ara gbọ́? Kí ara tó mọ́ ọn, wọ́n á tún lẹ ìwé mìíràn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣe náìtì kú lọ́dún tó kọjá. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni. Mi ò sọ pé iṣẹ́ ló pa á. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B, tó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ti wà lára rẹ̀ láìmọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ òru, kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí.

Àwọn tó yẹ kó gbà wá wà ní ọ́fíìsì l'Ábùjá, wọ́n ń sùn lásìkò. Òfin iṣẹ́ 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ fẹnu kò lórí wákàtí iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ káṣúà wo ni wọ́n pè jókòó?

Ẹ̀bẹ̀ mi kò wọ́n. Kí wọ́n lẹ ìwé iṣẹ́ síta kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Tí wọ́n bá máa yí wa, kó jẹ́ láti òwúrọ̀ sí ọ̀sán, láti ọ̀sán sí òru, torí ó rọrùn fún ara láti pẹ́ sùn ju kó tètè sùn lọ. Ẹni tó bá jáde ní náìtì, kó sinmi odindi ọjọ́ méjì. Ẹni tí òru bá bá lára mu, kí wọ́n fi í síbẹ̀, kí wọ́n sanwó tó jọjú fún un. Ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìntì ṣe é fún wa rí fún oṣù mẹ́rin: mo ń sùn, mo ń rí ọmọ mi kó tó lọ sílé ìwé, ẹ̀rọ kò gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó lọ tán, wọ́n da ìwé rẹ̀ nù, wọ́n tún ń jù wá láti òru bọ́ sí òwúrọ̀.

Kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ òru wò fún mẹ́dọ̀wú lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n gún ẹni tí kò bá ní i ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà dìde.

Aago mẹ́ta òru ọjọ́ Àìkú ni mo kọ èyí. Iṣẹ́ òwúrọ̀ ni mò ń lọ, oorun kò sì wá.

Òṣìṣẹ́ kan, Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn