Ibà Lassa: Eku ni kí a dojú kọ, kì í ṣe ará ilé aláìsàn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀gbẹlẹ̀ tún ti dé, ọ̀rọ̀ ibà Lassa sì ti gba ẹnu àwọn èèyàn kan lágbègbè wa ní Ọ̀wọ̀. Bí a ṣe ń sá fún ara wa ló ń dùn mí. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà sísè ládùúgbò wa ni àìsàn náà mú, ó gba ìtọ́jú, ó sì yè é. Nígbà tó padà dé, kò sẹ́ni tó yà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún lé àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí kànga.

Ọdún 2018 ló yẹ kí a ti jáwọ́ nínú irú ìwà yìí. Lọ́dún náà, àwọn tí àyẹ̀wò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní ibà Lassa ní Nàìjíríà lé ní 600, iye tí a kò rí irú rẹ̀ rí títí di ìgbà náà. Ẹ̀rù bà wá: ṣé fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò àrùn tó ń fa ibà náà, ti yí padà ni, tó wá ń ti ara ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíràn? Àwọn onímọ̀ ní ọsibítù ńlá Irrua, ìpínlẹ̀ Ẹdó, àti ti ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá àrùn ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí nígbà náà, gbé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ka àkọsílẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì tó wà lára àwọn aláìsàn, ìyẹn ìlànà inú rẹ̀ tó ń sọ bí yóò ṣe rí, tó gùn tó lẹ́tà tó lé ní 10,000 fún fáírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi wọ́n wé ara wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n lò ní Irrua kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà lọ.

Ká ní èèyàn ló ń kó o ran èèyàn ni, fáírọ́ọ̀sì wọn ìbá jọra bí ọmọ ìyá kan náà. Wọn ò jọra bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ló jìnnà síra, débi pé ìyípadà díẹ̀díẹ̀ inú oṣù mélòó kan kò lè fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ara eku ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kó o, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kódà, èyí tó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yàtọ̀ sí ti òdìkejì odò Ọya, torí odò ńlá kì í sábà jẹ́ kí eku kọjá. Ẹ̀rí wo la tún ń wá?

Lóòótọ́, ó lè ràn láti ara aláìsàn. Nọ́ọ̀sì àti dókítà ti bá a lọ, nítorí náà ìbọ̀wọ́ ò gbọdọ̀ wọ́n ní ọsibítù kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo etí títì ọlọ́dà wa: láfún tí wọ́n sá mọ́jú, tí eku ti rìn lórí rẹ̀, tó ti tọ̀ sí i, òun náà ni wọn yóò kó sínú àpò láàárọ̀. Ẹ wo ààtàn ẹ̀yìn ọjà, ẹ wo igbó tí a ń dáná sun, tí eku fi ń sá wọlé tọ̀ wá. Ibẹ̀ ni kí owó ìjọba lọ: pèpéle gíga tí a ó máa sá oúnjẹ lé, agbá onídèérí, kíkó ààtàn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé.

Kí wọ́n má sì jẹ́ kí iṣẹ́ kíka àbùdá yìí dáwọ́ dúró, torí bí fáírọ́ọ̀sì náà bá yíwà padà, ibẹ̀ la ó ti kọ́kọ́ mọ̀. Ó ṣeé ṣe nílé níbí: ní oṣù kẹta 2020, ACEGID àti NCDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, gbé àkọsílẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì Kòrónà àkọ́kọ́ láti Áfíríkà jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lọ́dọọdún, kí èsì ti Lassa máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyálọ́jà àti àwọn baálẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó mú.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ọ̀wọ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó