Sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tó Ń Dúró Nídìí Káńtà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ojú lọ́nà owó oṣù. Ẹ̀yin tí mò ń kọ ìwé yìí sí ni ẹ̀yin tí ẹ ń wọ fìlà àti aṣọ iléeṣẹ́ láwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé tó kún Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú wa gbogbo: ẹ̀yin tí ẹ ń bu ìrẹsì, tí ẹ ń gba owó, tí ẹ ń nu tábìlì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní í bá yín sọ. Ọmọdé tó bá wọlé tọ̀ yín wá, oníbàárà ni. Ẹ má wò ó bí ẹrù tí ìyá rẹ̀ gbé dání.

Àwọn kan nínú yín á ní, kí ni ìyá àgbà yìí mọ̀ nípa iṣẹ́ wa? Ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ ni mo tà títí orúnkún mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Lágbègbè Dùgbẹ̀ ni búkà mi wà, àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Kòkó àtàwọn dírẹ́bà ló ń jẹun lọ́dọ̀ mi. Bí obìnrin bá mú ọmọ wá, ọmọ yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń kí. Màá ní, "Ọkọ mi, kí lẹ máa jẹ?" Tí mo bá bu àmàlà ìyá rẹ̀ tán, tí mo ti da ewédú àti gbẹ̀gìrì lé e, màá já ẹran kékeré kan sí i, màá ní ènì ọmọ nìyẹn. Ẹran náà kì í tóbi ju ìka lọ. Àmọ́ ọmọ yẹn ló máa fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ padà wá. Àwọn kan dàgbà lójú mi níbẹ̀, wọ́n mú ìyàwó àfẹ́sọ́nà wá jẹun kí n tó kógbá sílé.

Àwọn ilé oúnjẹ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yìí náà, ọmọdé ló gbé wọn ró. Nígbà tí iléeṣẹ́ UAC dá Mr Bigg's sílẹ̀ lọ́dún 1986, tí Tantalizers sì dé lọ́dún 1997, kì í ṣe torí pé ebi ń pa àwa òbí la ṣe ń lọ síbẹ̀. Oúnjẹ wà nílé. Àwọn ọmọ ló ń yọ wá lẹ́nu lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú pé àwọn fẹ́ jẹ míìtì-páì àti áísìkirímù. Ọmọ tó bá gba ipò kìíní nílé ìwé, ibẹ̀ la ti ń dá a lọ́lá. Ọjọ́ ìbí, ibẹ̀ ni. Àwọn onílé oúnjẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí òmíràn fi ń ṣe ibi ìṣeré sí ẹ̀gbẹ́ ilé, tí wọ́n á gbé jangirọ́fà síbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, ọ̀pọ̀ yín ló wà lára àwọn ọmọ yẹn.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó mú mi gbé bírò. Ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, mo kó àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ jẹun ní irú ilé bẹ́ẹ̀ níbí ní Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ ilé náà, orúkọ wọn kọ́ ni mò ń bá jà. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà kò tíì pé ọmọ ọdún méje. Ó ti ń tọ́jú owó sínú kóló rẹ̀ tipẹ́, ó ní òun fẹ́ fi owó òun ra áísìkirímù fúnra òun. Mo ní kó máa lọ, mo dúró lẹ́yìn díẹ̀ kí n lè máa wò ó. Ó tò bí àgbà. Nígbà tó kàn án, ó na owó sókè, torí káńtà ga jù ú lọ, orí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yọ. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà rí owó náà. Ó rí i, ó gbójú kọjá sára ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ọmọ: "Sà, kí lẹ fẹ́?" Ọkùnrin náà rà, ó lọ. Obìnrin kan bọ́ síwájú, òun náà rà, ó lọ. Ọwọ́ ọmọ ṣì wà lókè. Nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó fi ọwọ́ kejì gbé e ró.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo sún mọ́ wọn, mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́ dá ọmọ yìí lóhùn, ó ti tò tipẹ́." Ó ní, "Màmá, ta ló ni ín? Kẹ́ni tó ni ín wá bá a sọ̀rọ̀." Mo ní èmi ni mo ni ín, owó rẹ̀ sì rèé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba owó, ó tẹ rìsíìtì, ìgbà yẹn ló tó ní kò sí ṣéńjì. Ó tún ní ẹ̀rọ áísìkirímù ò ṣiṣẹ́ látàárọ̀. Ẹ gbọ́ o! Látàárọ̀ ni ẹ̀rọ ò ti ṣiṣẹ́, ó sì ti gba owó ọmọ kó tó rántí. Ó ní ká fi mú míìtì-páì. Mo ní rárá, kó dá owó ọmọ padà. Ó pòṣé. Èmi tí mo tó ìyá rẹ̀ bí, ó pòṣé sí mi, ó kọjú sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé o rí wàhálà?"

Ìrẹsì tí wọ́n bù fún àwọn yòókù ti tutù. Tábìlì tí a jókòó sí, eegun àwọn tó jẹun ṣáájú wa wà lórí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń fi mọ́ọ̀pù nulẹ̀ ló rí wa. Tábìlì kọ́ niṣẹ́ rẹ̀. Ó fi mọ́ọ̀pù tì, ó lọ fọwọ́, ó mú àkísà tó mọ́ wá, ó nu tábìlì náà. Ó rí ojú ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú àwọn méjèèjì fi ṣe déédéé, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀rọ ló bàjẹ́ o, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ tà fún yín." Ọmọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọmọkùnrin yìí àti ọmọbìnrin ìdí káńtà, iléeṣẹ́ kan náà ló ń sanwó fún wọn, ó sì ṣeé ṣe kí owó onímọ́ọ̀pù má tó ti ọmọbìnrin náà.

Nígbà tí a dé inú mọ́tò, ọmọ náà yọ owó rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Màmá Àgbà, ṣé owó mi kì í ṣe owó gidi ni?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìbéèrè yìí ló lé oorun lójú mi. Ọmọ ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ló fura sí. Àgbàlagbà tí ẹ bá fojú tẹ́ mọ́lẹ̀ máa bú yín, á lọ ra oúnjẹ níbòmíràn, ọ̀rọ̀ tán. Ọmọdé kò mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ bá fi ojú yín sọ fún un, ó gbà á gbọ́.

Mo mọ ohun tí ojú tiyín náà ń rí. Láti ọdún 2024, ₦70,000 lowó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí, ẹ sì mọ iye tí mọ́tò ń gbà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó délé. Ẹ ń dúró láti àárọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi wú. Owó tó bá dín lórí káńtà, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń yọ ọ́ nínú owó yín; ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ṣéńjì fi ń ká yín lára. Àwọn oníbàárà kan wà tí ẹnu wọn burú, tí wọ́n á bú yín torí ata díẹ̀. Mi ò fi èyíkéyìí nínú rẹ̀ ṣeré. Tí mo bá ní àǹfààní láti bá àwọn ọ̀gá yín sọ̀rọ̀, màá sọ fún wọn pé káńtà tí kò ní ṣéńjì láàárọ̀, àwọn ló dá ìjà ọ̀sán sílẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kò sí lára àwọn tó fìyà jẹ yín. Ẹ má gbẹ̀san ọ̀gá lára ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ lè ṣe, tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Tí ọmọdé bá tò, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ wo ìsàlẹ̀ káńtà, ẹ kí i. Ẹ dá a lóhùn nígbà tó bá kàn án, kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe sùúrù. Tí kò bá lè ka ohun tó wà lára pátákó, ẹ kà á fún un. Tí ọjà kan bá tán tàbí tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹ kọ ọ́ sí bébà láàárọ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì: "Kò sí áísìkirímù lónìí." Tí kò bá sí ṣéńjì, ẹ sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà.

Ti owó VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, náà ń kọ́? Láti oṣù Kejì ọdún 2020 ló ti di 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ka ₦2,000 lára pátákó, ó ṣa ₦2,000 jọ, ó dé iwájú yín, ẹ ní owó rẹ̀ ò pé. Ibo ni kó ti mọ̀? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba owó tó ju iye tí wọ́n kọ síta lọ. Torí náà, ẹ sọ fún máníjà yín pé kó kọ iye tó pé pérépéré sára pátákó, kí ọwọ́ yín lè mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì tó tutù ju ọ̀rọ̀ adùn lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé oúnjẹ sísè tó ń dúró de ẹni tó máa jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (60°C), kò sì yẹ kí oúnjẹ sísè wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ. Inú ọmọdé kì í gba irú rẹ̀. Tí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò tíì gbé ẹ̀rọ tó ń mú oúnjẹ gbóná, ẹ má bù ú fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Òbí tó mọ ìdí tó fi ń dúró kì í sábà bínú.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń lérò àtiní ilé oúnjẹ tara yín lọ́jọ́ iwájú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Adìyẹ díndín, ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí èèyàn rí oníbàárà kó tó lanu, òun ni iṣẹ́ gan-an. Bàbá tó kó ọmọ mẹ́rin wọlé, tó ń wo pátákó láìsọ̀rọ̀, owó ló ń ṣírò. Tí ẹ bá kígbe mọ́ ọn látòkèèrè pé "Kí lẹ máa rà?", ẹ ti dójú tì í lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ ní, "Sà, abọ́ ńlá yìí tó ọmọ méjì jẹ, ẹ jẹ́ kí n fi abọ́ òfìfo méjì sí i fún yín." Bàbá yẹn ò ní gbàgbé yín láéláé. Nídìí àmàlà ni mo ti kọ́ ọ, kò sì yàtọ̀ nídìí pítísà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ òbí tí ẹ ń kó ọmọ lọ jẹun. Ẹ má bú ọmọ ìdí káńtà lójú ọmọ yín, torí ohun tó bá rí lẹ́nu yín ló máa gbé lọ sílé ìwé. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ béèrè máníjà, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, àjọ FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ wà fún ẹjọ́ oníbàárà, ti ìjọba Èkó tí wọ́n ń pè ní LASCOPA náà sì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ fóònù máa ya ojú ọmọ ọlọ́mọ láti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ yìí nílé, ohun tí ìyá àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ ni pé ì bá ṣe pé òun wà níbẹ̀, òun ì bá ti ya fídíò. Mo ní ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí níbẹ̀. Fídíò yẹn ò ní kọ́ ọmọbìnrin náà níwà. Iṣẹ́ ló máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gba ẹlòmíràn, wọ́n á tún gbé e síwájú káńtà láìsí ṣéńjì.

Lẹ́tà ni mo kọ sí máníjà. Mo kọ àkókò, mo kọ nọ́mbà rìsíìtì, mo kọ ohun tí ọmọbìnrin náà ṣe, mo sì ní kí wọ́n kọ́ ọ, kí wọ́n má lé e. Apá tó gùn jù nínú lẹ́tà náà, ti ọmọkùnrin onímọ́ọ̀pù ni. Ẹ̀yin náà, ẹni tó bá ṣe dáadáa sí ọmọ yín, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ lójú rẹ̀, kẹ́ ẹ tó jáde.

Ẹ bá mi kí àwọn òbí yín.

Èmi ni ìyá yín, alámàlà Dùgbẹ̀.