Ọmọ tó fẹ́ yan ibi tí a ó lọ ní ọlidé, ẹ jẹ́ kó ṣírò owó rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọlidé gígùn ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ti ń gbé fídíò inú fóònù han àwọn òbí wọn: ibi báyìí ni ká lọ. Mo fara mọ́ ọn pátápátá pé kí wọ́n dá sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni pé òbí á béèrè pé, "Níbo lẹ fẹ́ lọ?" láì tíì sọ iye tó wà lọ́wọ́. Ọmọ á dárúkọ ibi tó jìnnà, bàbá á ní kò sówó, ọmọ á sì fajú ro títí wọ́n á fi wọlé padà.

Owó àti iye ọjọ́ ni kí òbí kọ́kọ́ là kalẹ̀, kó tó mú ibi méjì tàbí mẹ́ta wá. Ìyókù, iṣẹ́ ọmọ ni: owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ gbogbo ẹni tó ń lọ, owó ìwọlé, oúnjẹ, kó sì yọ ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí owó ọkọ̀ lè fò sókè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kó pe ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Iye orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ ti èṣí.

Ẹ wo omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, tí kò jìnnà sí wa ní Iléṣà níbí. Ìpele méje ló ní, fídíò kì í sì í fi òkè tí ẹ ó gùn hàn. Ìyá àgbà lè jókòó gbádùn ìpele àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ní kó bá yín gòkè. Lásìkò òjò, omi á pọ̀, àpáta á sì máa yọ̀. Sílípáàsì tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ torí fọ́tò ló ń gbé wọn ṣubú. Bàtà olókùn tó ní eyín nísàlẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ẹbí máa ń yàn fúnra wọn. Ní Jámánì, ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógún kì í gba ọlidé ẹ̀ẹ̀rùn pa pọ̀, nítorí náà kàlẹ́ńdà iléèwé ọmọ ló ń sọ ìgbà tí òbí máa gba ìsinmi. Ní Japan, lásìkò ọdún Obon tí wọ́n fi ń rántí àwọn baba ńlá wọn, ọ̀pọ̀ ẹbí ni í padà sílé baba wọn lọ tún ibojì ṣe. Wọn kì í dìbò lé ìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ ká dìbò lé lílọ kí ìyá àgbà ní Ifẹ̀. Iye ọjọ́ tí a ó lò níbẹ̀ ni kí ọmọ dá sí, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un, bóyá kó lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹnuwà. Abala 12 nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 1989 ní ká gbọ́ ti ọmọ, ká sì fi ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Kò ní ká ṣe gbogbo ohun tó bá wí.

Ẹ jẹ́ kí àbúrò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí bí bàbá bá ti la ẹnu, ohùn rẹ̀ ni gbogbo ilé á gbè. Bí ọmọ méjì kò bá gbà fún ara wọn, kí ọ̀kan yan ibi tí a ó lọ, kí èkejì yan oúnjẹ àti ohun tí a ó ṣe níbẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ ipò ní ọlidé tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìjà má bàa wà.

Òǹkàwé yín,
Iléṣà