Ọ́ìlì tó funfun bí omi ògì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi ni mí ní Makoko. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ ojú omi kan gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ní agbára ẹṣin 40 wá. Wọ́n ti ní kó lọ ra gíà tuntun, ẹ gbọ́ ná! Mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ gíà náà, ọ́ìlì inú rẹ̀ dà jáde, ó funfun bí omi ògì. Omi ti wọ̀ ọ́. Mo yọ fáànù tó ń ti ọkọ̀ lọ nínú omi: okùn ìpẹja ló wé mọ́ ṣáàfù, irin tó ń yí fáànù, ó ti gé síìlì ẹ̀yìn, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Mo fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú gíà, mo fi omi ọṣẹ pa ojú síìlì náà. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń hó.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rá àti okùn pọ̀ nínú ọ̀sà wa. Ẹ máa yọ fáànù wò. Wáṣà, òrùka kékeré abẹ́ nọ́ọ̀tì ọ́ìlì náà, ẹ yé lo ògbólógbòó.

Èmi ni,
Mẹkáníìkì kan, Makoko, Èkó.