Ìbọn Diana tí ẹ jogún: ṣé ti Jámánì ni àbí ti Scotland?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ìbọn afẹ́fẹ́ àtijọ́ (àwọn tí afẹ́fẹ́ ń ti ọta wọn jáde, kì í ṣe ẹ̀tù) tí ó wà nílé àwọn bàbá wa ni ó mú mi kọ̀wé, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé ìbọn yòówù tí a bá ti rí àwòrán obìnrin ọdẹ, àmì ìbọn Diana, lára rẹ̀, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àwọn tí ń ta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sì ń fi àṣìmọ̀ yìí gbówó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀.

Òótọ́ ni pé Jámánì ni orúkọ Diana ti ṣẹ̀. Jakob Mayer àti Josef Grammelspacher ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Rastatt ní ọdún 1890. Òrìṣà ọdẹ ni Diana jẹ́ fún àwọn ará Róòmù àtijọ́, bí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ti jẹ́ fún wa. Nínú àmì ilé iṣẹ́ náà, obìnrin yìí na ìbọn sókè, ó sì ti ju ọrun àti ọfà rẹ̀ sílẹ̀. (Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tí ó fi ọfà ṣe ọdẹ, inú mi kì í dùn sí ọfà tí wọ́n jù sílẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọjà ni wọ́n ń polówó.)

Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀. Wọ́n ta ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Rastatt, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ sí orúkọ Diana, fún ilé iṣẹ́ Millard Brothers ní Scotland, tí ó jẹ́ apá kan Britain, àwọn tí a mọ̀ sí Milbro, tí àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn Diana. Nígbà tí Rastatt padà sẹ́nu iṣẹ́, kò lè fi orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ tajà ní Britain mọ́. “Original” ni ó ń kọ sára ìbọn tí ó ń kó lọ síbẹ̀, ó sì di ọdún 1984 kí orúkọ náà tó padà sọ́wọ́ rẹ̀. Níwọ̀n bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso wa títí di ọdún 1960, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ìbọn bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ti Scotland.

Láìpẹ́ yìí, nítòsí ọjà Tààkíé, wọ́n ní kí n bá wọn wo ọ̀kan tí ẹni tí ó ń tà á pè ní ojúlówó Jámánì, tí ó sì dá owó gọbọi lé. Mo fi àkísà tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì nu òkè àgbá irin rẹ̀, ibi tí sípíríǹgì tí ń ti afẹ́fẹ́ ń gbé. Bí ìdọ̀tí ti ń ṣí kúrò ni lẹ́tà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí “Made in Great Britain” fi hàn gbangba. Ẹni tí ó ń tà á kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Lára ti Rastatt, ẹ ó rí “Made in Germany” àti nọ́ḿbà irú ìbọn náà, bíi 25, 27 tàbí 35. Lára ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun, nọ́ḿbà kéékèèké kan tún wà lápá ẹ̀yìn àgbá irin, tí ó jẹ́ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é: bí ó bá jẹ́ “04 62”, oṣù kẹrin ọdún 1962 nìyẹn. Lẹ́tà F tí ó wà nínú àmì onígun márùn-ún jẹ́ ti òfin Jámánì, fún ìbọn tí agbára rẹ̀ kò ju júùlù 7.5 lọ (júùlù ni wọ́n fi ń wọn agbára), èyí tí ó bá ní in, wọn kò ṣe é ṣáájú nǹkan bí ọdún 1970. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ìbọn má jẹ́ orúkọ Diana rárá kí ó sì jẹ́ ti Rastatt: Winchester 427 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, Diana 27 gan-an ni. Bí ẹ bá rí HW lára ìbọn, ti ilé iṣẹ́ Jámánì mìíràn, Weihrauch, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1899 ni, kò bá Diana tan.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn tí ń fi sáńpépà ha ìbọn àtijọ́ kí ó lè dán pé kí wọ́n jáwọ́, nítorí àmì wọ̀nyí ni wọ́n ń ha dànù. Mo sì bẹ ẹ̀yin náà pé, bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ àwòrán irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ẹ ya ibi tí wọ́n kọ̀wé sí lára rẹ̀ kí ó hàn kedere, kí ẹ sì fi kún un pé òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Òǹkọ̀wé yín kò mẹ́nu bà á rárá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan,
Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́.