Lẹ́tà sí Dọlápọ̀: PVP mú indomethacin yòrò, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ńkọ́?

Akúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Dọlápọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Kú iṣẹ́ o. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, níbi tí o ti ní o fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi pọ́límà mú oògùn tí kì í tètè yòrò nínú omi yòrò, inú mi sì dùn pé indomethacin, oògùn ìrora àti ara wíwú, ni o yàn. Oògùn tó dára láti fi kọ́ iṣẹ́ yìí ni. Bó bá ti yòrò tán, ara ń gbà á wọlé wẹ́rẹ́. Yíyòrò yẹn gan-an ló ń fún un ní wàhálà. Àwọn mólékù rẹ̀ tò pọ̀ típẹ́típẹ́ nínú kírísítálì, omi kò sì lágbára tó láti tú wọn ká. Àwa la máa bá omi tú wọn ká, ká sì fi pọ́límà (ohun tí mólékù rẹ̀ gùn bí ẹ̀wọ̀n) tó ń tètè yòrò pààlà sáàárín wọn kí wọ́n má ráyè tò padà. Láti 1961 ni Sekiguchi àti Obi ti la ọ̀nà yìí, nígbà tí wọ́n yọ́ oògùn sulfathiazole pọ̀ mọ́ urea, ohun tó ń tètè yòrò nínú omi.

Pọ́límà tí wọ́n ń pè ní PVP K30 ni kí o lò, oògùn 1 sí pọ́límà 3. Kápúsù 25 mg á wá di 100 mg, ìyẹn kò le láti gbé mì. Má ṣe fi ìwọ̀n yìí lé albendazole (oògùn aràn) 400 mg lórí o, nítorí 1,600 mg ni ẹni tó fẹ́ lò ó máa gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà. Má sì gbìyànjú láti yọ́ PVP lórí iná. Ooru tí yóò gbà kọjá ohun tó yẹ kí oògùn rí. Ethanol ni kí o fi tú àwọn méjèèjì.

Wọn indomethacin 1 g, dà á sínú ethanol 60 ml, mú un gbóná dé 40 °C, kí o sì máa rò ó. Nígbà tí oògùn bá yòrò tán ni kí o tó máa wọ́n PVP 3 g sí i díẹ̀díẹ̀. Bí o bá dà á lé e lẹ́ẹ̀kan, á di kókó tí inú rẹ̀ gbẹ. Fi fóìlì bo ìgò náà nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba indomethacin jẹ́. Gbé e sókè kí o wò ó: ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Èérún kírísítálì kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ ni yóò di irúgbìn fún àwọn yòókù. Má sì ra sípíríìtì aláwọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, methanol máa ń wà nínú rẹ̀.

Bí o ṣe lé ethanol kúrò ló máa sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe rí. Ó gbọ́dọ̀ yá: lo rotary evaporator (ẹ̀rọ tó ń yí ìgò nínú omi gbígbóná, tó sì ń fa ethanol kúrò), omi rẹ̀ ní 45 sí 50 °C, kí vacuum (fífa afẹ́fẹ́ jáde) dúró ṣinṣin. Bí o bá dà á sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ tí o sì ní kó máa gbẹ fúnra rẹ̀, tàbí tí NEPA mú iná lọ láàárín iṣẹ́, àwọn mólékù ti ráyè wá ara wọn rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ha fóòmù gbígbẹ tó ṣẹ́ kù sínú ìgò, fi í sínú ààrò oní-vacuum ní 40 °C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi yí padà mọ́. Ethanol tó bá ṣẹ́ kù kò gbọdọ̀ ju 5,000 ppm (ìdajì ìdá kan nínú 100) lọ, òun náà sì máa ń mú pọ́límà dẹ̀. Rọra gún un, kí o fi asẹ́ 250 µm sẹ́ ẹ.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. O ní ní Kánò ni o ti máa ṣe é, nígbà ọyẹ́, kí o tó gbé e wá sí Akúrẹ́ fún àyẹ̀wò. Ohun tó dúró lọ́dọ̀ rẹ lè má dúró lọ́dọ̀ wa. Bàbá dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù máa ń le gan-gan, ṣùgbọ́n bó bá wà láìdé nígbà òjò, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ṣúgà rẹ̀ á sì di hóró padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tìrẹ yóò ṣe. Ìwọ̀n ooru tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń kúrò ní líle tó sì ń dẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Tg. Ti indomethacin nìkan jẹ́ 42 °C. Ti PVP K30 sún mọ́ 165 °C. Bí o bá fi ìlànà Fox, tí wọ́n fi ń ṣírò Tg àdàpọ̀, ṣírò 1 sí 3, wàá rí nǹkan bí 125 °C. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n PVP fẹ́ràn omi, Tg omi fúnra rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí −137 °C. Bí omi bá di ìdá 10 nínú 100, Tg àdàpọ̀ náà á já wá sí nǹkan bí 60. Bó bá di 15, ó ti dé nǹkan bí 36. Ọ̀sán Akúrẹ́ kò jìnnà sí ìyẹn rárá! Àwọn onímọ̀ sì máa ń fẹ́ kí Tg fi 50 ju ooru ibi tí oògùn wà lọ. Bí o bá rí HPMCAS, pọ́límà mìíràn, ṣe díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, torí kì í fa omi tó PVP. Àsítóònì ni kí o fi tú òun.

Fún àyẹ̀wò, máíkíróskóòpù oní-polarizer ni kí o kọ́kọ́ lò, ó yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ibi tó bá ń dán yẹ̀rì nínú òkùnkùn, kírísítálì ni. XRD, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray wá kírísítálì, tẹ̀ lé e. Má gbẹ́kẹ̀ lé DSC, ẹ̀rọ tó ń mú oògùn gbóná díẹ̀díẹ̀ tó sì ń wọn ooru tó ń gbà, nìkan: kírísítálì lè yòrò sínú PVP bí ooru ti ń gòkè, kí ṣóńṣó tó yẹ kó yọ ní 160 °C, níbi tí kírísítálì indomethacin ti ń yọ́, pòórá, kí o sì rò pé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí o bá ń wo yíyòrò rẹ̀, 900 ml ní 37 °C, páàdù tó ń yí lẹ́ẹ̀ 50 ní ìṣẹ́jú kan (50 rpm), fi àdàpọ̀ lásán 1 sí 3 tí o kàn pò pọ̀ ní gbígbẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láìsí ìyẹn, o ò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ ló ń yòrò ni, tàbí PVP kàn ń jẹ́ kí omi ráyè kan oògùn. Fa 5 ml, dá 5 ml tó gbóná bákan náà padà, fi fílítà 0.45 µm sẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀, kí o kà á lórí spectrophotometer (ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí oògùn gbà) ní 320 nm; PVP kì í dí ọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Má dúró ní ìṣẹ́jú 30. Lọ dé wákàtí méjì, nítorí oògùn lè sáré gòkè kó tún já bọ́ sísàlẹ̀ omi.

Bí o bá ń fi í ránṣẹ́, ìgò gíláàsì kéékèèké ni kí o pín in sí, ọ̀kan fún àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, kí a má baà máa ṣí ọ̀kan náà léraléra. Fi silica gel, tó ń fa ọ̀rinrin, sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, dì wọ́n sínú fóìlì, kí o sì kọ ọjọ́ tí o ṣe é sí i lára. Fi díẹ̀ pa mọ́ sọ́dọ̀ rẹ, kí a lè fi ti Kánò wé ti Akúrẹ́ lóṣù kan náà.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Kúnlé